Ẹ̀KÚ EGÚNGÚN GẸ́GẸ́ BÍ ÌWÉ ÌTÀN ÌDÍLÉ: AṢỌ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́ KAN NÍ ÌLÚ NEW YORK

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mọ òwe yìí sórí, tí wọ́n sì máa ń lò ó nínú àròkọ gẹ́gẹ́ bí òwe tí ó ń kọ́ ni láti bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún òwe náà wò dáadáa. Kí ni àkísà? Aṣọ tí ó ti gbó ni. Ẹni tí ó lówó lè ra aṣọ tuntun ogún lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò sí iye owó tí ó lè fi sọ aṣọ náà di èyí tí òun ti wọ̀ fún ogún ọdún. Òwe yìí ń sọ fún wa pé aṣọ tí ó ti gbó jẹ́ ẹ̀rí: ẹ̀rí pé ẹni tí ó ni ín ti gbé ayé, ó ti náwó, ó ti ṣọ̀fọ̀, ó sì ti ṣe ìdùnnú.

Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni aṣọ ìdílé kan tí ó kó ọjọ́ orí púpọ̀ jọ sí ojú kan. Ẹ̀kú egúngún ni. Agbo ilé Lekewọgbẹ ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1920 sí ọdún 1948. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó tẹ̀dó sí. Ọdún 1998 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ṣe àfihàn kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní "One: Egúngún". Kristen Windmuller-Luna, obìnrin onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, ni ó ṣètò rẹ̀. Ẹ̀kú kan ṣoṣo yìí ni gbogbo àfihàn náà dá lé lórí. Oríṣiríṣi aṣọ tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún (300) ni ó wà lára rẹ̀. Àwọn kan ti Áfíríkà wá, àwọn kan ti Yúróòpù wá, àwọn mìíràn sì ti Éṣíà wá.

OHUN TÍ Ẹ̀KÚ JẸ́

Fún àǹfààní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì fojú kan egúngún rí, ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ará ọ̀run ni Yorùbá ń pe egúngún. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé àwọn òkú ìdílé a máa padà wá bẹ àwọn ọmọ wọn wò, láti súre fún wọn, láti bá wọn wí, àti láti parí ìjà láàárín wọn. Aṣọ tí ará ọ̀run fi ń bora láti orí dé ẹsẹ̀ ni a ń pè ní ẹ̀kú tàbí agọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí awọ ara ti hàn. Kódà, àwọ̀n ni a fi ń bo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yà egúngún tí a ń pè ní pààká ni ẹ̀kú ti Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Àwọn ìrépé aṣọ gígùn, tí wọ́n fẹ̀ bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí irú ẹ̀kú báyìí yíká. Bí egúngún bá ń jó, tí ó sì fẹ́ẹ́ yí bírí, gbogbo àwọn ìrépé aṣọ náà yóò fò sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ti ara wọn fẹ́ sí ènìyàn, ìre ni wọ́n gbà pé ó ń fẹ́ síni.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹ̀kọ́ wa ni bí irú ẹ̀kú yìí ṣe ń dàgbà. A kì í dá a tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ọdún egúngún bá ti ń yípo, tàbí bí Ifá bá ti sọ, ni ìdílé yóò máa fi aṣọ tuntun kún un. Àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í kúrò. Wọ́n á kàn bọ́ sí abẹ́ ni. Ẹni tí Ọlọ́run fi ọmọ ta lọ́rẹ lè mú aṣọ wá. Ẹni tí ọjà rẹ̀ tà lè mú àrán tàbí sílíkì wá. Lóòótọ́, àwọn ọkùnrin ni awo egúngún wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé ni ó máa ń ki oríkì tí orí egúngún fi ń wú, owó àti aṣọ wọn sì máa ń wà nínú ohun tí egúngún gbé jáde. Aṣọ tí ó súnmọ́ ara jù lọ sábà máa ń jẹ́ aṣọ òfì funfun àti aláró, tí ó jọ aṣọ tí àwọn baba wa fi ń sin òkú. Èyí mọ́gbọ́n wá, nítorí ará ọ̀run ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí a bá ń wo ẹ̀kú láti òde lọ sí inú, ọjọ́ tí ó ti kọjá ni a ń lọ bá. Aṣọ àwọn ọmọ ni ó wà lójú. Ti àwọn baba wà lábẹ́. Ti àwọn baba ńlá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé ìtàn ni, ojú ewé tí a kọ kẹ́yìn ni ó sì kọ́kọ́ hàn síni.

BÍ AṢỌ ṢE Ń SỌ ỌJỌ́ ORÍ ARA RẸ̀

Ọmọ ilé ìwé lè béèrè pé báwo ni onímọ̀ ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹ̀kú, nígbà tí kò sí ẹni tí ó kọ déètì sí i lára. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Òwú, irun àgùntàn, sílíkì, igi, ẹlú àti alumíníọ̀mù ni wọ́n kà mọ́ ohun tí a fi ṣe ẹ̀kú Lekewọgbẹ. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, àwọn aṣọ kan wà tí ọ̀gbọ̀ wọn kì í ṣe ti inú oko tàbí ti ara ẹran, tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ti pò wọ́n. Méjì nínú irú wọn ni viscose rayon àti acetate.

Àwọn méjì yìí ló ń tú àṣírí ọjọ́ orí. Ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ lórí viscose. Ọdún 1905 ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà níbẹ̀. Ní ti acetate, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tí ó parí ní ọdún 1918, ni òwú rẹ̀ tó délé délé. Bí a bá rí acetate lára ẹ̀kú kan, a mọ̀ dájú pé ìrépé náà kò lè wá láti ayé ogun Kírìjì. Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ewé ni àwọn ìyá wa ń gún, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń fi omi eérú rẹ, kí wọ́n tó rí aró pa. Ní ọdún 1856, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ní London, William Henry Perkin, ṣèèṣì rí àwọ̀ elésè àlùkò níbi tí ó ti ń wá oògùn ibà. Láti ìgbà náà ni aró inú ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹlú àtọwọ́dá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Aṣọ tí ó tuntun jù lọ lára ẹ̀kú ni ó ń sọ fún wa pé ọwọ́ ẹ̀dá ṣì kan ẹ̀kú náà lẹ́yìn ìgbà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde. Aṣọ tí ó lọ́jọ́ lórí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a lè gbé ara lé, nítorí ìyá kan lè tọ́jú aṣọ sínú àpótí fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fà á lé egúngún lọ́wọ́. Èyí ni ìdí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé kún ohun tí wọ́n bá rí lára aṣọ.

Ìtàn òwò náà wà níbẹ̀. Kí àwọn òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń wọ aṣọ tí òwú rẹ̀ wá láti òkèèrè. Sílíkì pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá, kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa. Sányán ní tirẹ̀ jẹ́ ti ilé: ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni a ti ń rí òwú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, aṣọ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìlú bí omi. Ẹ wá ro ó wò: àkókò tí wọ́n fi ń rán ẹ̀kú yìí, láti 1920 sí 1948, kó ìjọba amúnisìn, ọ̀wọ́n owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, àti Ogun Àgbáyé Kejì ti 1939 sí 1945 sínú. Ìdílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ la gbogbo rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń rí aṣọ fún baba wọn wọ̀.

AṢỌ ÌDÍLÉ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń tọ́jú aṣọ ìran. Ní ọdún 2017, ìdílé Cavendish, tí wọ́n jẹ́ ìjòyè pàtàkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àfihàn aṣọ ìdílé wọn ní ilé ńlá wọn tí a ń pè ní Chatsworth, ní Derbyshire. Aṣọ ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ni wọ́n sọ pé àwọn ń fi hàn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni aṣọ tí ilé iṣẹ́ Worth ní Paris rán fún ìyàwó olóyè náà, Louise, fún àríyá ńlá ọdún 1897, níbi tí ó ti múra bí Ọbabìnrin Zenobia ìgbà láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkejì wé èkíní. Ní Chatsworth, aṣọ kọ̀ọ̀kan ní olówó rẹ̀: aṣọ ìgbéyàwó ti lágbájá nìyí, aṣọ oyè ti tàmẹ̀dò nìyẹn.  Ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ìran bọ́ sínú aṣọ kan náà. Kò sí ẹni tí ó lè fa ìrépé kan yọ kí ó ní ti òun nìkan ni. Ọ̀nà méjì nìyí láti rántí. Ti àkọ́kọ́ ń rántí ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Ti wa ń rántí ilé.

Ìyàtọ̀ kejì dunni díẹ̀. Aṣọ àwọn Cavendish wà nínú ilé tiwọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àlejò, tí wọ́n sì gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀kú Lekewọgbẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà.

BÍ Ẹ̀KÚ ṢE Ń KÚRÒ NÍLÉ

Ọ̀nà tí ẹ̀kú fi ń kúrò nílẹ̀ Yorùbá lápapọ̀ kò ju mélòó kan lọ. Ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀kan. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí gan-an. Ọdún 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọn tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí náà gbilẹ̀ nínú àwọn ìlú wa. Ìdílé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá ti yí ẹ̀sìn padà lè máà rí ẹni tí yóò gbé egúngún mọ́. Àìní jẹ́ ìkejì: oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé á dé, á fi owó han ẹni tí ebi ń pa. Olè ni ìkẹta. Ìjọba kò dákẹ́ o. Ọdún 1953 ni òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ dé ní Nàìjíríà láti dí irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àtikọjá ẹnubodè láìgba àṣẹ. Ní 1970, àjọ UNESCO ṣe àdéhùn àgbáyé lórí ọ̀ràn náà. Ní 1979, àṣẹ ìjọba kẹtàdínlọ́gọ́rin (77) dá àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà sílẹ̀. Síbẹ̀, òfin kì í ṣọ́ àpótí aṣọ. Àwọn ará ilé ni í ṣọ́ ọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ire ni ó jẹ́ fún ẹ̀kú náà pé ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó lè tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ikán, eku àti ọ̀rinrin kì í mọ aṣọ ọ̀wọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa dín iná kù kí àwọ̀ má bàa ṣí, a máa díwọ̀n ọ̀rinrin inú yàrá, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ kan aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtọ́jú yìí gbà lọ́wọ́ ẹ̀kú. Kò gbọ́ ìlù bàtá mọ́. Kò yí bírí mọ́, afẹ́fẹ́ ìre kò sì ti ara rẹ̀ fẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí aṣọ tuntun tí a lè fi kún un. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni pé kí ohunkóhun má yí padà; iṣẹ́ ìdílé ni pé kí ohun kan yí padà lọ́dọọdún. Ìwé náà ṣì wà, ṣùgbọ́n a ti gba kálàmù lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò rí ẹ̀kú kankan dì lẹ́rù. Síbẹ̀, ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, àwọn ọmọ wọn dá ilé egúngún sílẹ̀, wọ́n rán ẹ̀kú tuntun, wọ́n sì ń pe ará ọ̀run ní èdè baba wọn. Mestre Didi, oníṣẹ́ ọnà tí ó gbé ayé láti 1917 sí 2013, jẹ oyè Alápìńni níbẹ̀. Ènìyàn tí kò ní aṣọ lè rán òmíràn bí ó bá rántí. Aṣọ tí kò ní ènìyàn kò lè dá jó.

Ọ̀RÀN ORÚKỌ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a máa ń kọ sí ara irú aṣọ yìí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ òkèèrè kò ju "Yorùbá" lọ, bí ẹni pé gbogbo wa ni a pé jọ rán an. Ohun tí ó mú inú mi dùn jù nínú àfihàn ọdún 2019 ni pé orúkọ agbo ilé ti wọ inú àkọsílẹ̀. Agbo ilé Lekewọgbẹ, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá ka èyí mọ ibi tí yóò lọ béèrè. Ó mọ irú oríkì tí yóò wá. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé orí ẹni tí ó yẹ kí ó ni í, àwọn tí a ó pè sí ìjókòó ní orúkọ àti ìta ilé.

Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn, ni àwọn àgbà wí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ti kí aṣọ wa fún ìgbà pípẹ́. Kíkí ènìyàn ni ó ṣẹ́kù. Èrò tèmi ni pé ibikíbi tí irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ bá wà, ó yẹ kí ìdílé tí ó ni ín ní ohùn nínú bí a ó ṣe fi í hàn, ohun tí a ó sọ nípa rẹ̀, àti bóyá yóò padà sílé.

IṢẸ́ FÚN KÍLÁÀSÌ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ óò pàdé akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò sọ pé ẹ̀sìn òun kò fàyè gba ọ̀rọ̀ egúngún. Ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé kíkọ́ ìtàn kì í ṣe ìbọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ nípa àwọn ọba Íjíbítì kò ṣe di abọ̀rìṣà wọn. Bákan náà, kí a má ṣe rán ọmọ láti lọ tú ohun tí ó jẹ́ awo nínú ilé. Àpótí ìyá àgbà tó fún ẹ̀kọ́ wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba àyè, kí ó wo aṣọ kan tí ó ti pẹ́ nílé, ìbáà ṣe ìró, agbádá, gèlè tàbí ọ̀já tí a fi pọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ta ni ó kọ́kọ́ ni ín, ta ni ó sì jogún rẹ̀?
2. Kí ni orúkọ aṣọ náà lẹ́nu àwọn àgbà, níbo sì ni wọ́n ti rà á tàbí hun ún?
3. Inawo wo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú, oyè tàbí ọdún?
4. Kí ni wọ́n ti tún ṣe lára rẹ̀: ibi tí wọ́n lẹ̀, ibi tí wọ́n gé, aró tí wọ́n tún rẹ ẹ́ sí?
5. Kí ni ìdí tí wọn kò fi tíì sọ ọ́ nù?

Kí ẹni tí ó bá lè ya fọ́tò yà á, kí ó sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbéèrè karùn-ún ni kí ẹ fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tètè béèrè nígbà tí ẹni tí ó mọ ìdáhùn ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ tí aṣọ náà bá ti ilé yín jáde, yálà ó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni tàbí ó lọ sí ààtàn, orúkọ tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ̀lé e.